Wòlíì, Ànábì àti Òjíṣẹ́: Èdè Yorùbá Láàrin Ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí

Ìfáárà

Bí ọmọ Yorùbá méjì, tí ọ̀kan jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tí èkejì sì jẹ́ Mùsùlùmí, bá jókòó láti jiyàn lórí ẹ̀sìn, èdè Yorùbá ni wọn yóò fi jiyàn náà. Kì í ṣe èdè Hébérù tàbí ti Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀-èdè ti yàn sílẹ̀ ni ó wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti ní ìtàn tiwọn kí wọ́n tó dé inú ìwé mímọ́ èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí ó ń jiyàn máa ń rò pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni àwọn ń gbé kalẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn oníwàásù tí ó ń gbé gbohùngbohùn káàkiri ọjà àti ibùdókọ̀ mọ èyí dáadáa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣe.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ohun tí ẹ̀sìn méjèèjì gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run àti nípa àwọn tí Ọlọ́run rán yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá àti ìtumọ̀ Al-Kùránì ń lò. Kò sí nínú iṣẹ́ yìí láti dá ẹ̀sìn kan láre kí a sì dá èkejì lẹ́bi. Lámèyítọ́ iṣẹ́ àwọn atúmọ̀-èdè ni, nítorí pé níbi tí atúmọ̀-èdè bá ti tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún ni ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tẹ̀ lé e.

Orísun àwọn ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Nígbà tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì, ó bá èdè kan tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run kan ṣoṣo láti ẹnu àwọn Mùsùlùmí. Ìtumọ̀ ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Ní ọdún 1884 ni a parí Bíbélì lódindi, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn bí i Thomas King ti fi ọwọ́ sí iṣẹ́ náà.

Àwọn atúmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hun ọ̀rọ̀ tuntun fún gbogbo nǹkan. Wọ́n mú àdúrà, wọ́n mú wàásù, wọ́n mú àlùbáríkà, wọ́n mú àlùfáà, wọ́n sì mú wòlíì. Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí kò gba ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí wọ inú èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá ń kàwé nípa àwọn àlùfáà inú Ìwé Léfítíkù tí wọ́n ń rú ẹbọ sísun níwájú àgọ́, orúkọ tí a fi ń pe olùkọ́ ilé kéú ni ó ń kà. Àwọn ìjọ tí ó dìde lẹ́yìn náà, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbàdúrà fún ìwòsàn, gba orúkọ Aládùúrà, wọ́n sì fi orúkọ Lárúbáwá bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì tí ó jẹ́ ti Yorùbá jù lọ.

Ti Al-Kùránì náà ní ìyanu tirẹ̀. Ọwọ́ M. S. Cole, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ni ìtumọ̀ Al-Kùránì àkọ́kọ́ sí Yorùbá ti jáde, ní ọdún 1906. Ó di àwọn ọdún 1970 kí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tó gbé ìtumọ̀ tiwọn jáde, èyí tí a ń pè ní Al-Kùránì Alápọ̀nlé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àmádíyà náà sì tẹ tiwọn ní ọdún 1976. Orúkọ náà pàápàá tó ohun tí à ń kíyè sí. Bíbélì jẹ́ Mímọ́; Al-Kùránì jẹ́ Alápọ̀nlé, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀, karīm, ń tọ́ka sí ọlá àti ọ̀wọ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Kìrìsìtẹ́nì, Bíbélì Yorùbá jẹ́ Bíbélì gan-an. Lójú Mùsùlùmí, ìtumọ̀ Yorùbá kì í ṣe Al-Kùránì, àlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ lásán ni. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi í kírun. Ìyàtọ̀ yìí ti inú ohun tí ẹ̀sìn méjèèjì gbà gbọ́ nípa òjíṣẹ́ wá, a ó sì padà dé ibẹ̀.

Ọlọ́run, Ọlọ́hun, àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì ń lò fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí máa ń kọ ọ́ ní Ọlọ́hun. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ni ẹni tí ó ni ọ̀run, Ọlọ́hun sì ni ẹni tí ó ni ohùn, ìyẹn ẹni tí ohùn ẹ̀bẹ̀ gbogbo ẹ̀dá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àlàyé náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kóńsónáǹtì r máa ń jẹ́ pípajẹ láàrin fáwẹ̀lì nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó pọ̀. Bí a bá pa á jẹ nínú Ọlọ́run, Ọlọ́un ni yóò kù, bí àwọn ènìyàn sì ṣe ń pè é lójoojúmọ́ nìyẹn. Kóńsónáǹtì h kàn wọlé sí àyè tí ó ṣófo ni. Ó tọ́ kí a gbà pé àṣà ìkọ̀wé tí a fi ń dá ẹgbẹ́ ẹni mọ̀ ni Ọlọ́hun, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àṣìṣe ni kí ẹnìkan wá sọ pé Ọlọ́run méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù wà níbi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ kì í pe àgbà ní ìwọ. Baba rẹ̀, ìyá rẹ̀, ọkọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yin ni yóò máa pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà yìí rinlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ju bí ó ti rí ní àwọn ẹ̀ka-èdè apá ìlà-oòrùn lọ. Síbẹ̀ bí ó bá kúnlẹ̀ níwájú Ẹni tí ó ga ju gbogbo wọn lọ, ìwọ ni yóò sọ. Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí ń ṣe bẹ́ẹ̀, babaláwo tí ó ń ké pe Olódùmarè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin yóò dún létí bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èdè Yorùbá ti fi ìṣọ̀kan Ọlọ́run ṣáájú ọ̀wọ̀ tí à ń fún àgbà, kò sì dúró kí atúmọ̀-èdè kankan tó kọ́ ọ.

Ẹ wá wo bí ó ti ṣòro tó nígbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Nínú Al-Kùránì, Ọlọ́run a máa pe ara rẹ̀ ní Àwa ní ọ̀pọ̀ ibi, a sì máa pe ara rẹ̀ ní Èmi ní ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá gbà pé Àwa ti títóbi ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ inú èdè Yorùbá, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fi ń fún. Àgbà kì í sábà pe ara rẹ̀ ní àwa láti fi gbé ara rẹ̀ ga. Nítorí náà, Àwa inú ìtumọ̀ náà máa ń ṣàjèjì létí ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá. Oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì kan lè fi ibẹ̀ béèrè pé ta ni Ọlọ́run fi kún ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ kí Mùsùlùmí tó rẹ́rìn-ín rẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé irú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ náà wà ní orí kìn-ín-ní Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti ń gbèrò láti dá ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìjọ sì ti fi í ṣe ẹ̀rí Mẹ́talọ́kan. Bí ọ̀pọ̀ bá jẹ́ ti títóbi níbì kan, ẹni tí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ ní ibi kejì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn tí ó ju gírámà lọ.

Ọmọ

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà ti le jù. Kìrìsìtẹ́nì gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù, pé ó ti wà pẹ̀lú Baba kí ayé tó wà, pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ Ọlọ́run kan. Mùsùlùmí gbà pé wúńdíá ni Màríyámọ̀ nígbà tí ó bí Ànábì Ísá, pé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni, pé ó ṣe iṣẹ́ ìyanu, pé yóò sì tún padà wá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni, ẹrú Ọlọ́run ni.

Nínú Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ méjì ni a lè túmọ̀ sí ọmọ. Walad ni èyí tí ìbímọ wà nínú rẹ̀ dájú. Ibn gbòòrò díẹ̀ sí i. Al-Kùránì lo ibn níbi tí ó ti dárúkọ ohun tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń pe Mèsáyà, ṣùgbọ́n walad ni ó sábà máa ń lò nígbà tí ó bá ń sọ pé kò yẹ Ọlọ́run. Ní Súrà kẹfà, ó béèrè bí Ọlọ́run yóò ṣe ní ọmọ nígbà tí kò ní aya. Ìbímọ ti ara ni ẹsẹ̀ náà ń kọ̀, kò sì sí Kìrìsìtẹ́nì tí ó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ tí yóò gba irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí walad àti ibn bá dé Yorùbá, ọmọ ni àwọn méjèèjì ń di, ìyàtọ̀ náà a sì sọnù.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí fẹ̀ púpọ̀. A ní ọmọ ìlú, ọmọ ogun, ọmọ iṣẹ́, ọmọ ayò, ọmọ odó, ọmọ ọlọ. Kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ìyá tí ó bí ọmọ odó. Ì bá ṣeé ṣe kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá fi èyí ṣàlàyé ara wọn fún aládùúgbò wọn, ṣùgbọ́n àwọn atúmọ̀ ti ti ilẹ̀kùn náà. Wọ́n kọ ọ́ ní ọmọ bíbí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀, monogenes, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní gbà pé ó túmọ̀ sí ẹni tí kò ní ẹlẹgbẹ́, ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀; Bíbélì àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ó kì bíbí bọ̀ ọ́, ti Yorùbá sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé bí a bá yọ bíbí kúrò ọ̀rọ̀ yóò parí. Ìpàdé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Nikéà ní ọdún 325 fi ẹnu kò pé a bí Ọmọ, a kò dá a, ìjọ kò sì lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni ìbáṣepọ̀ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìrọbí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò dárúkọ ohun mìíràn ju ìrọbí lọ ti gbé ìjọ sí ipò tí ó ní láti máa sọ ohun kan kí ó sì máa sá fún ìtumọ̀ rẹ̀.

Wòlíì tàbí Ànábì?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá yá, wòlíì ni ó ṣe àjèjì jù. Walī nínú Lárúbáwá ni ọ̀rẹ́, alátìlẹ́yìn, ẹni tí ó súnmọ́ Ọlọ́run. Ẹni mímọ́ ni, àánú Ọlọ́run sì lè hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nabī. Onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù èyíkéyìí yóò sọ pé bí ó ti wù kí wòlíì ga tó, kò dé ẹsẹ̀ ànábì tí ó kéré jù. Àwọn òbí Mùsùlùmí ń sọ ọmọ wọn ní Waliu títí di òní, ìtumọ̀ yìí ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì mú orúkọ ipò tí ó rẹlẹ̀, wọ́n fi sí orí Àìsáyà àti Jeremáyà. Nabī ni Lárúbáwá, nabi náà sì ni Hébérù. Ìbátan ni àwọn méjèèjì, Ànábì sì ti wà ní ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti Hébérù mu wà nílẹ̀, a fi í sílẹ̀, a mú èkejì.

Ó rọrùn láti mọ ìdí rẹ̀. Létí Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá, Ànábì ti di orúkọ Mùhámmádù nìkan, bí ẹni pé orúkọ àbísọ ni. Ọjọ́ ìbí Ànábì ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ń sọ pé Ànábì Núhà, Ànábì Ìbúráhímà, Ànábì Músá, Ànábì Dáúdà, Ànábì Ísá. Ohun tí èyí dá sílẹ̀ ni pé inú agbo ilé kan náà ni Mósè àti Músá ti ń gbé láìmọ ara wọn, tí Yésúfù ń kí Jósẹ́fù láàárọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún àwọn ọmọdé pé ẹnìkan ni wọ́n.

Yàtọ̀ sí orúkọ, àwọn ènìyàn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bára mu pátápátá. Al-Kùránì dárúkọ ànábì márùndínlọ́gbọ̀n. Nínú àwọn wòlíì mẹ́rìndínlógún tí ìwé wọn wà nínú Bíbélì, Jónà nìkan ni Al-Kùránì dárúkọ rẹ̀ kedere, tí ó pè é ní Yúnúsà. Kò sí Àìsáyà níbẹ̀, kò sí Ámósì. Húdù àti Sọ̀líù tí a rán sí àwọn Lárúbáwá àtijọ́ kò sí nínú Bíbélì.

Ìtàn Dáfídì ni a ti lè rí ìyàtọ̀ náà dáadáa jù. Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, ọba ni Dáfídì. Ó gba aya ọmọ ogun rẹ̀, ó sì ṣètò ikú ọkọ obìnrin náà. Nátánì ni wòlíì. Ó wá pa òwe ọlọ́rọ̀ kan tí ó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, ọba bínú sí ọlọ́rọ̀ náà, wòlíì sì fi yé e pé òun gan-an ni. Ní Súrà kejìdínlógójì, àgùntàn wà níbẹ̀, ọlọ́rọ̀ àti aláìní wà níbẹ̀, Dáúdà dá ẹjọ́ náà, ó mọ̀ pé ìdánwò ni, ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kò sí Nátánì, kò sì sí obìnrin kankan. Dáúdà fúnra rẹ̀ ni ànábì, àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù sì gbà pé Ọlọ́run ń dáàbò bo àwọn ànábì kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Òótọ́ ni pé Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì pe Dáfídì ní wòlíì, àmọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ wẹ ìtàn rẹ̀ mọ́. Lójú Bíbélì, a lè jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run láti ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀. Lójú Ìsìláàmù, ìgbésí ayé òjíṣẹ́ jẹ́ ara iṣẹ́ tí a rán an: àpẹẹrẹ tí ó bàjẹ́ kò ṣeé tẹ̀ lé. Kìrìsìtẹ́nì tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì ṣe ẹlẹ́yà níwájú Mùsùlùmí kò mọ̀ pé ànábì ẹlòmíràn ni òun ń bà lórúkọ jẹ́. Mùsùlùmí tí ó ní Bíbélì tàbùkù àwọn ànábì náà kò fiyè sí i pé ẹ̀kọ́ tí Bíbélì ń fi ìtàn náà kọ́ni wà ní ẹnu Nátánì.

Lórí ti obìnrin, Bíbélì pe Dèbórà, Húlídà àti Ánà ní wòlíì obìnrin láìfi bò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kò gbà pé obìnrin lè jẹ́ ànábì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ibn Hazm ti Kọ̀dóbà, tí ó kú ní 1064, jiyàn pé Màríyámọ̀ àti ìyá Músá wà lára wọn.

Àwọn ìjọ Aládùúrà ni ó tún yí ìtumọ̀ wòlíì padà. Láti ìgbà tí Mósè Orímọládé ti dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925, tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì ti gbilẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, wòlíì ti di ẹni tí ó wà láàyè, tí a lè lọ bá ní ilé rẹ̀, tí ó ń ríran. Kò lòdì sí Májẹ̀mú Tuntun, nítorí Pọ́ọ̀lù ka wòlíì mọ́ àwọn ẹ̀bùn inú ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń bi í ti yàtọ̀: ta ni ó ń dí mi lọ́wọ́, ìrìn àjò yìí yóò ha dára? Ìbéèrè tí a ń gbé lọ sọ́dọ̀ babaláwo ni, ìdáhùn nìkan ni ó pààrọ̀ aṣọ. Ámósì, tí ó ń bú àwọn tí ó ń ta tálákà nítorí bàtà, kò jọ aríran yìí rárá. Ó jọ òjíṣẹ́ inú Al-Kùránì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Ní ti Mùsùlùmí, ilẹ̀kùn náà ti tì: èdìdì àwọn ànábì ni Mùhámmádù, ẹni tí ó bá pe alààyè kan ní ànábì ti bọ́ sẹ́yìn ọgbà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Àmádíyà fi dá rúgúdù sílẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí. Bí àwọn atúmọ̀ Bíbélì bá ti mú Ànábì dípò wòlíì ni, a ò bá ti máa rí Ànábì tuntun ní òpópónà gbogbo, àlàáfíà tí ó wà láàrin ẹ̀sìn méjèèjì ní ilẹ̀ Yorùbá ì bá sì ti rí ìdánwò tí ó ju èyí lọ. Àṣìyàn tí àwọn atúmọ̀ ṣe ti gba wá lọ́wọ́ ìyẹn.

Òjíṣẹ́ àti iṣẹ́ tí a rán an

Rasūl ni àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Òjíṣẹ́, ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó lè tún ọ̀rọ̀ tò kí ó má baà dá ìjà sílẹ̀. Irú òjíṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì gbà nípa àwọn tí ó kọ Bíbélì: Ẹ̀mí Ọlọ́run ni ó darí wọn, ṣùgbọ́n èdè Ámósì olùṣọ́-àgùntàn kò rí bí ti Àìsáyà, ti Lúùkù kò rí bí ti Jòhánù. Òjíṣẹ́ ti Ìsìláàmù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí Màlékà Jíbúrílù kà fún un ni ó kà fún àwọn ènìyàn, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Nítorí náà ni Bíbélì fi lè di Yorùbá tí ó sì tún jẹ́ Bíbélì, tí Al-Kùránì kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òjíṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dára, ṣùgbọ́n òwe tí ó yí i ká ń sọ ohun tí ẹ̀sìn náà kò fẹ́ kí ó sọ.

Olùtùnú

Àpẹẹrẹ kan kù tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn jù. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, Jésù ṣèlérí Olùtùnú mìíràn. Ní Súrà kọkànlélọ́gọ́ta, Ísá sọ nípa òjíṣẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Áḥmádù. Àwọn Mùsùlùmí fi èkejì túmọ̀ èkíní; àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí ẹni ìyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì kan tí a mọ̀ tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì a dáhùn pé orí kan náà ti sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni Olùtùnú.

Ohun tí àwọn méjèèjì kò rí ni pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí, parakletos, tún wà nínú lẹ́tà Jòhánù Kìn-ín-ní orí kejì, níbi tí a ti lò ó fún Jésù fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá ti túmọ̀ rẹ̀ sí alágbàwí, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lo ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ka Yorùbá nìkan kò lè mọ̀ láéláé pé Olùtùnú mìíràn ní ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, àti ibi tí a ti dárúkọ ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ pé alágbàwí ni a kọ sí ibi méjèèjì, àríyànjiyàn náà ì bá ti yí padà. Kìrìsìtẹ́nì ì bá rí i pé iṣẹ́ Ọmọ ni Ẹ̀mí ń bá lọ. Mùsùlùmí pẹ̀lú ì bá rí ohun kan dì mú, nítorí pé ìṣìpẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn jẹ́ ara ohun tí ó gbà gbọ́ nípa Mùhámmádù, alágbàwí sì sún mọ́ ọn ju olùtùnú lọ.